Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọjọ́ Kan Jẹun Kí Ẹ sì Wo Ìlú Kawagoe ní Jàpáànù

Àwọn tó bá dé Tokyo tí wọ́n sì ní ọjọ́ kan ṣoṣo láti fi rí Jàpáànù ayé àtijọ́ sábà máa ń forí lé Kyoto, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tó yára jù lọ pàápàá ń gba wákàtí méjì ó lé díẹ̀ kó tó dé, tí owó rẹ̀ kò sì kéré. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ lọ sí Kawagoe. Ìpínlẹ̀ Saitama ni ìlú náà wà, kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí àríwá ìwọ̀ oòrùn àárín Tokyo, wọ́n sì ń pè é ní Edo Kékeré, nítorí pé Edo ni Tokyo ń jẹ́ títí di ọdún 1868. Láyé ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gba odò Shingashi kó oúnjẹ àti ọjà láti Kawagoe lọ sí Edo, ohun tó bá sì wà lóde ní Edo kì í pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Kawagoe. Tokyo ti pa àwọ̀ dà pátápátá lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀, iná àti ogun, ṣùgbọ́n apá kan Kawagoe ṣì wà bó ṣe wà.

Ìlú náà kò ṣòro láti rìn, àmọ́ bí ẹ bá ṣe tò ó ni yóò ṣe dùn mọ́ yín tó. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń ti ìdíkọ̀ lọ tààrà sí òpópónà àwọn ilé dúdú, tí wọ́n á jẹ gbogbo ìpápánu tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, tó fi jẹ́ pé kí ọ̀sán tó pọ́n, inú wọn ti kún, ẹsẹ̀ ti ń ro wọ́n, wọn kò sì tíì fojú kan tẹ́ńpìlì tó ṣe pàtàkì jù lọ nílùú. Òdìkejì ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìhà gúúsù ìlú, ẹ jẹ oúnjẹ ńlá kí èrò tó dé, ẹ yípo gba ìlà oòrùn, kí ẹ wá fi òpópónà náà àti ìpápánu rẹ̀ parí ọjọ́.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ àti ohun tí ẹ máa mú dání

Ẹ má ṣe lọ lọ́jọ́ Ajé, nítorí pé ọjọ́ náà ni àfin àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà wa máa ń wà ní títì. Ẹ yẹra fún òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú bí ó bá ṣeé ṣe, torí pé èrò máa ń pọ̀ débi pé ẹni tó bá dúró ya fọ́tò á di ìdíwọ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa yan oṣù, ẹ mú oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, nígbà tí wọ́n bá ń kórè ànàmọ́, ìyẹn kúkúńdùnkún, tí ìlú náà fi lókìkí. Òpin ọ̀sẹ̀ kẹta nínú oṣù kẹwàá nìkan ni kí ẹ fojú tó yàtọ̀ wò, nítorí pé ìgbà náà ni wọ́n ń ṣe ọdún ìlú, tí wọ́n ń fa àwọn kẹ̀kẹ́ ńlá alájà tó kún fún ère, onílù àti onífèrè káàkiri ìgboro. Àjọ UNESCO kọ ọdún náà mọ́ ara àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2016, ó sì tó ohun tí à ń torí rẹ̀ rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ètò tí mò ń tò sílẹ̀ yìí kò ní ṣeé tẹ̀ lé lọ́jọ́ náà.

Ẹ wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́, kí ìbọ̀sẹ̀ yín mọ́, kí ó má sì lu, nítorí pé ẹ máa bọ́ bàtà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ mú owó ẹyọ àti owó pépà dání, torí pé kì í ṣe gbogbo ìsọ̀ kéékèèké ló ń gba káàdì. Ẹ fi ọ̀rá kan sápò fún pàǹtírí, nítorí pé agolo ìdalẹ̀sí kò wọ́pọ̀ lójú títì ní Jàpáànù, olúkúlùkù ló sì ń gbé ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sílé. Bí ẹ bá ní ẹrù tó wúwo, àpótí alágàdágodo tí wọ́n ń háyà wà ní ìdíkọ̀. Ẹ kó o síbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ibi tí ẹ bá sì sùn sí ní Tokyo ló máa sọ èyí tí ẹ máa gbà. Èyí tó yá jù ni ọkọ̀ ojú irin Tobu Tojo láti Ikebukuro: bí ẹ bá wọ èyí tí kì í dúró ní gbogbo ìdíkọ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ máa fi dé Kawagoe. Wọ́n tún ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àtàbọ̀ elédìnwó fún àwọn àlejò láti òkè òkun ní Ikebukuro, nítorí náà ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání kí ẹ sì béèrè. Láti Shinjuku, ọkọ̀ ojú irin ilé iṣẹ́ JR ń gba bíi wákàtí kan. Láti ìdíkọ̀ Seibu-Shinjuku, ọkọ̀ mìíràn wà tó ń lọ sí Hon-Kawagoe, èyí tó yára nínú wọn sì ń jẹ́ Koedo. Ó ń gba bíi ìṣẹ́jú 45, ṣùgbọ́n ẹ máa san owó àyè ìjókòó lé owó ọkọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ìdíkọ̀ o. Kawagoe wà, Kawagoeshi wà, Hon-Kawagoe náà wà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Kawagoe ni kí ẹ ti sọ̀ láàárọ̀. Ẹ kúrò ní Tokyo ní nǹkan bí aago 8, kí ẹ lè dé tẹ́ńpìlì nígbà tí wọ́n bá ń ṣílẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì tó ń yípo ìlú wà, ó sì ní tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan, ó dára fún àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó gbé ọmọ dání, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dá ṣáṣá kò nílò rẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́: tẹ́ńpìlì Kita-in

Bí ẹ bá fẹsẹ̀ rìn láti ìdíkọ̀ Kawagoe, ogún ìṣẹ́jú ni sí Kita-in. Ẹlẹ́sìn Búdà kan tó ń jẹ́ Ennin ni wọ́n sọ pé ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 830, ṣùgbọ́n ilé tí ẹ máa bá níbẹ̀ lónìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1638, iná jó tẹ́ńpìlì náà kanlẹ̀. Shogun Tokugawa Iemitsu, tó ń ṣàkóso Jàpáànù nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n tú díẹ̀ lára àwọn ilé inú àfin Edo, kí wọ́n kó wọn wá sí Kawagoe láti fi tún un kọ́. Nígbà tó yá, iná àti àjálù mìíràn pa ìyókù àfin náà run ní Edo, ohun tó wá ṣẹ́ kù lára ibi tí àwọn Shogun ń gbé ni ohun tó wà ní Kita-in yìí. Ẹ máa wọ yàrá tí wọ́n sọ pé wọ́n bí Iemitsu fúnra rẹ̀ sí, àti yàrá ìmúra Kasuga no Tsubone, obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fọwọ́ kan ògiri tí wọ́n kun, kí ẹ sì wo àmì tó wà lára ògiri kí ẹ tó fa fóònù yọ, nítorí pé wọn kì í gba fọ́tò láyè nínú ilé. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí ọgbà ni kí ẹ jókòó sí fúngbà díẹ̀. Láàárọ̀, kì í sí ariwo kankan níbẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló máa mú yín wọ ọgbà àwọn Rakan, ère òkúta àwọn ọmọ ẹ̀yìn Búdà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ wọn ní ọdún 1782, wọn kò sì parí rẹ̀ títí di 1825. Iye wọn jẹ́ 538, kò sì sí méjì tó jọra. Ẹ má ṣe wò wọ́n gààràgà kí ẹ sì jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ rìn láàárín wọn, ẹ máa rí èyí tó ń sọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn létí, tí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún sì fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ máa rí èyí tó fọwọ́ lérán tí ọ̀rọ̀ ti sú, èyí tó ń mu nǹkan, àti èyí tó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn fún ojúgbà rẹ̀. Ewédò ti hù lára wọn. Àwọn ará ìlú ní ẹni tó bá wá lóru tó sì ń fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan yóò bá ọ̀kan tó lọ́wọ́ọ́wọ́, bó bá sì fi àmì sí i, tó padà wá wò ó lójúmọmọ, yóò rí i pé ojú òbí òun tó ti kú ló jọ. Lóru, ọgbà náà wà ní títì, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ dán an wò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kita-in ni Senba Toshogu wà. Nígbà tí wọ́n ń gbé òkú Tokugawa Ieyasu, bàbá àgbà Iemitsu, lọ sí ibojì rẹ̀ ní Nikko ní ọdún 1617, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tẹ́ ẹ sí Kita-in, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ojúbọ fún un níbẹ̀. Ẹ gun àtẹ̀gùn rẹ̀ bó bá wù yín, kí ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀, nítorí ọ̀ràn ikùn ló kàn.

Aago 11: ẹja unagi

Kawagoe jìnnà sí òkun. Ẹja inú odò ni wọ́n ń jẹ láyé ìgbà tí wọn kì í sábà jẹ ẹran ní Jàpáànù, èyí tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni unagi, ẹja gígùn tó ń yọ̀ ṣìnkìnrín lọ́wọ́, tó ń lọ́ bí ejò. Ẹ má jẹ́ kí ìrísí rẹ̀ lé yín sá. Àwọn ilé oúnjẹ unagi wà káàkiri láàárín Kita-in àti àárín ìlú. Ogakiku, tó wà ní òpópónà Taisho Roman, ti wà láti ọdún 1807. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣílẹ̀kùn ní aago 11. Ẹ dé síwájú ìgbà náà díẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá dé ní aago 12 lè dúró lórí ìlà fún wákàtí kan. Níbi tí ìwé bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kọ orúkọ yín àti iye yín síbẹ̀, kí ẹ sì dúró nítòsí.

Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè fún ni unaju: ẹja náà lórí ìrẹsì funfun nínú àpótí pẹlẹbẹ tó ń dán. Wọ́n sábà máa ń to orúkọ mẹ́ta sórí ìwé oúnjẹ, tí iye owó wọn ń gòkè, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, bí ẹja ṣe pọ̀ tó ló yàtọ̀, kì í ṣe bó ṣe dára tó. Ẹ mú èyí tó kéré jù tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ lè dun èèyàn, nítorí ó sábà máa ń ju 3,000 yen lọ, ó sì lè tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ náwó lórí ohun kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà, òun ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tí kò bá lè náwó tó bẹ́ẹ̀ lè jẹ udon, núdù ìyẹ̀fun àlìkámà, torí àwọn ará Saitama kì í fi udon wọn ṣeré.

Ẹ máa dúró fún ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kì í ṣe oúnjẹ tí à ń sáré sè. Ní agbègbè Tokyo, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń la ẹja náà, wọ́n á yan án lórí ẹ̀ẹ́dú, wọ́n á fi ooru omi sè é kí ọ̀rá rẹ̀ lè ro dànù, wọ́n á wá padà yan án, tí wọ́n ń rì í bọ inú ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n fi omi ẹ̀wà sóyà, ṣúgà àti mirin, ìyẹn ọtí ìrẹsì dídùn, sè. Nígbà tó bá délẹ̀, ara rẹ̀ á ti rọ̀ débi pé igi ìjẹun lásán lè gé e. Kí àwọn Mùsùlùmí kíyè sí i pé ọtí wà nínú mirin, ọbẹ̀ náà kò sì ṣeé yọ kúrò lára ẹja.

Ẹ máa rí ìgò kékeré kan lórí tábìlì, tí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀. Sansho ni. Ẹ wọ́n ọn sórí ẹja níwọ̀nba, kí ẹ sì dúró: kò ní jó yín lẹ́nu bí ata, ṣùgbọ́n ahọ́n yín á máa ta, ètè yín á sì fẹ́ kú tipiri. Ẹni tó bá ti fi orín àta rin ẹnu rí nílé mọ ohun tí mò ń sọ, ìbátan sì ni igi méjèèjì lóòótọ́, ìdílé Zanthoxylum kan náà ni wọ́n. Èèpo èso ti Jàpáànù ni wọ́n ń lọ̀. Igi àti gbòǹgbò tiwa ni à ń rún lẹ́nu.

Honmaru Goten àti ojúbọ Hikawa

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ rìn lọ sí ìhà ìlà oòrùn fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ota Dokan àti bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé olódi Kawagoe ní ọdún 1457, ṣùgbọ́n ohun tó kù lára rẹ̀ ni Honmaru Goten, àfin tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1848. Owó ìwọlé rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilé onígi ni, àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹní sì wà nílẹ̀. Ìdajì wákàtí ti tó.

Láti ibẹ̀, kò pẹ́ rárá sí Hikawa, ojúbọ Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Jàpáànù, tí àwọn tó ń wá ọkọ tàbí aya fẹ́ràn. Ẹ máa kọjá lábẹ́ ẹnu ọ̀nà onígi ńlá kan tó ga tó mítà 15. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ibẹ̀ bó ṣe yẹ á kọ́kọ́ bu omi ṣan ọwọ́, á tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì níwájú ojúbọ, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan. Bí ìgbàgbọ́ yín kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè. Àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀ kékeré mú ẹja bébà, tí ìwé tó ń sọ bí ọ̀la ẹni ṣe máa rí wà nínú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Jàpáànù, láti oṣù keje, wọ́n máa ń so àìmọye agogo dígí kọ́ síbẹ̀, tí atẹ́gùn ń lù.

Ìpápánu, agogo àti àwọn ilé dúdú

Ẹ wá dorí kọ ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ lè dé Kashiya Yokocho ní nǹkan bí aago 2. Ọ̀nà tóóró ni, àwọn tó ń ṣe súìtì àti ìpápánu ló sì kún ibẹ̀. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 ba Tokyo jẹ́, Kawagoe ló ń ṣe súìtì ránṣẹ́ síbẹ̀, ìsọ̀ tó wà lọ́nà yìí nígbà náà sì tó àádọ́rin. Èyí tó kù kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, àmọ́ òórùn ṣúgà tó ń jó lórí iná ṣì ń kí yín káàbọ̀. Ẹ ra fugashi, àkàrà fífúyẹ́ aláwọ̀ ṣúgà pupa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà kan. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì máa ń rún, nítorí náà ẹ má jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀.

Kí aago 3 tó lù, ẹ ti wà nídìí Toki no Kane, ilé agogo onígi tó ga ní mítà 16. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń lù lójúmọ́: ní aago 6 àárọ̀, aago 12 ọ̀sán, aago 3 àti aago 6 ìrọ̀lẹ́. Èyí tó wà lónìí ni wọ́n kọ́ ní ọdún 1894, ọdún kan lẹ́yìn iná ńlá tó jó ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta ìlú náà. Iná yẹn gan-an ló bí òpópónà tí ẹ wà. Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, àwọn oníṣòwò rí i pé àwọn ilé tí wọ́n fi amọ̀ nípọn rẹ́ kò jó, pàápàá ilé ìdílé Osawa, tó ti wà láti ọdún 1792, tó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ni gbogbo wọn bá kọ́lé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ìrẹ́ dúdú parí rẹ̀.

Ẹ wo fèrèsé òkè dáadáa. Ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn, etí rẹ̀ sì ní ìpele bí àtẹ̀gùn, kí apá méjèèjì lè wọnú ara wọn pátápátá. Bí iná bá ń bọ̀, wọ́n á tì í, wọ́n á sì fi amọ̀ tútù dí àlàfo tó kù. Orí òrùlé náà wúwo gan-an, àwọn amọ̀ sísun ńlá ló wà ní góńgó rẹ̀, láti fi ọlá onílé hàn. Wọ́n ti ri wáyà iná mànàmáná mọ́lẹ̀, kò sí òpó kankan tó máa dí fọ́tò yín, ṣùgbọ́n mọ́tò ṣì ń gba ojú ọ̀nà náà kọjá, ẹ má sì tẹ̀ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá jẹ ànàmọ́. Olórí abúlé kan nítòsí, Yoshida Yaemon, ló kó o wá sí agbègbè náà ní ọdún 1751. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, kò sì lọ́ràá, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ń kó ewé tó bá já bọ́ nínú igbó, wọ́n ń jẹ́ kó jẹrà, wọ́n sì ń fi í ṣe ajílẹ̀. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ka ọ̀nà iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí mọ́ àwọn àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2023. Ẹ má ṣe ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú imo koi, tó jẹ́ ègé ànàmọ́ kan àti ẹ̀wà pupa oníṣúgà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná, torí bó bá tutù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ànàmọ́ tí wọ́n gé ní gígùn pẹlẹbẹ, tí wọ́n dín, tí wọ́n sì tò sínú ife. Èèyàn méjì lè pín ọ̀kan jẹ. Áísìkiriìmù aláwọ̀ àlùkò wà níbi gbogbo, ó rẹwà ju bó ṣe dùn lọ. Bí adùn bá ti sú yín, dango Kawagoe ni oògùn rẹ̀: ìyẹ̀fun ìrẹsì róbótó lórí igi, tí wọ́n yan, tí wọ́n sì fi omi ẹ̀wà sóyà pa lára, láìní ṣúgà. Iwájú ìsọ̀ tí ẹ ti ra nǹkan ni kí ẹ ti jẹ ẹ́ tán, kí ẹ sì dá igi àti ife padà fún wọn níbẹ̀.

Ìpadàbọ̀

Ìsọ̀ tó pọ̀ jù ń palẹ̀ mọ́ ní nǹkan bí aago 5. Ẹ máa rìn lọ sí gúúsù, ẹ gba iwájú ilé báńkì àtijọ́ olórùlé róbótó tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1918, kí ẹ sì yà sí òpópónà Taisho Roman, tó ṣì rí bíi ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bí ẹ bá gba Ikebukuro wá, tí ẹ sì ní tíkẹ́ẹ̀tì elédìnwó, ìdíkọ̀ Kawagoe tàbí Kawagoeshi ni kí ẹ padà sí, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì náà kò ní ṣiṣẹ́ ní Hon-Kawagoe. Ẹ̀yin tó ń padà sí Shinjuku, Hon-Kawagoe ló sún mọ́ yín jù. Ẹ ra àyè ìjókòó Koedo kí ẹ tó wọ ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, nítorí pé gbogbo àyè inú rẹ̀ ló ní nọ́ńbà.